Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ilẹ̀ Mọ́

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo awakọ̀ tó wà ní ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù ń pè é, torí pé láti ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ kí táyà rẹ̀ ké rí. Bó bá fẹ́ dúró, láti òkèèrè ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ lé bíréèkì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn. Ẹni tó jókòó tì í lè máa mu tíì gbígbóná kó má ta sí i lára.

Ogún ọdún gbáko ló fi kó màlúù. Láti ọgbà ẹran tó wà lọ́nà jíjìn ló ti ń kó wọn wá sí ilé ìpẹran. Ó mọ màlúù débi pé bí ọ̀kan bá ṣe ń mí lẹ́yìn ọkọ̀, ó lè sọ bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ tàbí ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìrìn wákàtí mẹ́ta ni. Igbó kìjikìji wà lápá ọ̀tún, odò wà lápá òsì, ó sì máa ń dúró bọ́jú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni wọ́n ń gé igbó náà kí koríko màlúù lè gbòòrò sí i, ọ̀nà tirẹ̀ náà sì ń gùn sí i. Nígbà tó fi máa pé ogún ọdún, wákàtí méje ló fi ń wakọ̀ kó tó dé ibi tí ẹran wà. Igbó ti lọ. Ọgbà ńlá kan ti dé sókè odò, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù pọ̀ síbẹ̀ lójú kan, ìgbẹ́ wọn sì ń ṣàn bọ̀ sínú omi.

Lọ́jọ́ kan tó dúró láti bọ́jú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó rí ẹja tó léfòó, tí wọ́n yíkùn sókè, funfun báláú, láti etí odò kan dé ìkejì. Obìnrin kan tó ń gbé nítòsí, tó ti mọ̀ ọ́n lójú, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹ má bù ú sójú o," ni obìnrin náà wí. "Àbíkẹ́yìn mi bù ú sójú, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń họ ara."

Jẹ́jẹ́ padà sínú ọkọ̀, ó lọ kó ẹran, ó kó o délé ìpẹran láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé tí ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó fi ṣíbí ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà ní ń yí níbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa sọ̀rọ̀ sókè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ìjà ló ń jà.

"Ta ló ṣẹ̀ yín?" ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí."

"Àbí ẹran náà ò jinná?"

"Ó jinná. N kò kàn ní jẹ ẹran mọ́ ni."

Ó ṣàlàyé odò fún un, ó ṣàlàyé igbó, ó ṣàlàyé ọmọ tó ń họ ara. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ ẹran, àmọ́ òun ti fi ọwọ́ ara òun kó o tó, òun ò fẹ́ máa fi ẹnu òun pè é wá mọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin, ó sì káwọ́ lérí.

"Bí ẹnu yín nìkan bá wá kúrò nídìí ẹran, ṣé odò á torí ìyẹn mọ́ ni?"

"Kò ní mọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Òun náà ẹ ò ní jẹ ẹ́?"

"N kò ní jẹ ẹ́."

"Ó dáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó fi ọwọ́ mú ẹran náà nínú àwo rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. "Ẹnì kan kúkú gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jẹ́jẹ́ fi ẹran sílẹ̀, ó fi ẹja sílẹ̀, ó fi ẹyin sílẹ̀, kódà ó fi mílíìkì inú tíì sílẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó gbé òun kúrò nídìí màlúù, ọ̀gá sì fi í sórí fúláwà, kó máa kó o láti ilé ìlọ-ọkà lọ fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí wọ́n bá jọ jókòó jẹun, wọ́n á ní kí ẹnì kan já ewé igi wá fún Jẹ́jẹ́, kí ebi má bàa pa àgbà. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ dára bí oyin. Ikùn tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ti ń torí rẹ̀ kìlọ̀ fún un látọjọ́ yìí wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọkọ òun kì í hanrun bíi ti tẹ́lẹ̀, pé òun ti ń rí oorun sùn nínú ilé ara òun.

Ọdún kẹrin ni nǹkan yí padà.

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Á bọ́ bàtà, á wò ó, kò ní rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó wá dà bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán ló wà. Àárẹ̀ ń mú un kí ọ̀sán tó pọ́n. Ahọ́n rẹ̀ ń ta á bó bá ń jẹun, ó ní ata ni. Ó ń gun àkàsọ̀ ọkọ̀, ó ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó ní ọjọ́ orí ni.

Ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti fún nǹkan náà lórúkọ. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni nígbà tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èèrà náà ni òun náà sì sọ pé ó ń rìn níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ń di ògiri mú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó mọ́ ara ògiri láti yàrá dé balùwẹ̀, kó lè rí nǹkan gbá mú. Ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn, pákó náà ò wúlò fún un mọ́, orí ibùsùn ló wà. Ibẹ̀ ló sì gbà lọ. Kò sẹ́ni tó rí orúkọ fún àìsàn náà, torí náà àwọn ẹbí ń pè é ní àrùn ẹsẹ̀ ilé wa. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Jẹ́jẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó dá a lójú pé bí òun bá la ẹnu, ẹran ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu obìnrin náà. Kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí òun àti ẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, torí kò fẹ́ kó máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ lọ sídìí ilé búrẹ́dì kan láti já fúláwà. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ń fi ọwọ́ júwe fún un láti ẹ̀gbẹ́: ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó. Jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì. Lójú tirẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà ò dúró, ńṣe ló tún yára sí i. Obìnrin náà pariwo, ó fò sẹ́yìn. Ọkọ̀ wó àwọn àpótí òfìfo tí wọ́n tò sẹ́bàá ògiri, gbàrà-gbàrà-gbàrà, kí Jẹ́jẹ́ tó rí ọwọ́ fi fa bíréèkì ọwọ́ sókè.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sí ohun tó bàjẹ́ ju àpótí méje lọ. Jẹ́jẹ́ jókòó sínú ọkọ̀, ó wo ilẹ̀. Ojú ló fi wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó mọ ibi tó wà.

Ó já ẹrù tán, ó bẹ ìyá oníbúrẹ́dì náà, ó ní kí awakọ̀ mìíràn wá wa òun àti ọkọ̀ padà sí ibùdó, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí tábìlì.

"Kí lèyí?" ni ọ̀gá wí. "Àpótí lásán ni wọ́n sọ fún mi pé o wó."

"Ọ̀gá, obìnrin yẹn dúró síbẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí ẹsẹ̀ mi bá tẹ nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí n pààyàn."

Ọkùnrin tí kì í ṣàwàdà ni ọ̀gá. Ó fa dúróà yọ, ó sọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú rẹ̀.

"Lọ tọ́jú ara rẹ. Ọkọ̀ ò ní sá lọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ nìyí, ẹlòmíì ò ní mú un."

Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ dé òpin títì, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ìyàwó rẹ̀ ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń ká aṣọ nínú pálọ̀. Ó gbójú sókè, ó kí i káàbọ̀, ojú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá wọn, bàtà yín kejì dà?"

Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. Sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì wà lófìfo, eruku ti bò ó, òkúta ti gé àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti fi àmì sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà débi tó dúró sí. Kò mọ ìgbà tí bàtà náà bọ́. Kò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí òkúta gé e.

Kò lè parọ́ mọ́. Ó jókòó sórí aṣọ tí obìnrin náà ń ká, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: èèrà, ìbọ̀sẹ̀, bíréèkì, bàbá òun. Ó dúró kí ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹran. Kò sọ ọ́. Ó lọ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ náà, ó sì fi aṣọ di àtàǹpàkò rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Oṣù mélòó lẹ ti ń dá gbé e?"

"Oṣù mẹ́jọ."

"A kì í fi ìtìjú kó àrùn, Bàbá wọn. Lọ́la a ó lọ."

Dókítà tó rí wọn lọ́jọ́ kejì kò lè ju ọmọ wọn àgbà lọ. Awò ojú rẹ̀ ti kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi òwú dì í. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ yọ ahọ́n, ó wò ó, ó pupa, ó sì ń dán bí inú ìkarahun. Ó mú irin kan tó ń gbọ̀n, ó gbé e lé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń gbọ̀n?"

"Rárá."

Ó gbé e lé orúnkún. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti mọ̀ ọ́n lára. Ó ní kó dìde, kó da ẹsẹ̀ pọ̀, kó dijú. Bó ti dijú báyìí, ilẹ̀ yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ìyàwó rẹ̀ gbá a lẹ́wù mú láti ẹ̀yìn, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

"Kí lẹ máa ń jẹ, sà?"

Jẹ́jẹ́ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ á débẹ̀. Ó gbé àyà sókè. "Ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹ̀fọ́, ẹ̀pà, èso. N kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹran wá. Ó pé ọdún mẹ́rin, mo sì mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é."

Dókítà ò bú u. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rin," ló tún wí, bíi pé iye yẹn sọ nǹkan fún un. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta náà gùn ju ọdún lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Jẹ́jẹ́ wà nílé, ó ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó bá a tó na okùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé balùwẹ̀.

"Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Kò sí nǹkan."

"Bàbá wọn, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Pákó ni. Mo ní kí n mọ bó ṣe máa gùn tó, bí ọjọ́ rẹ̀ bá dé."

Obìnrin náà gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó ká a, títí ó fi di bọ́ọ̀lù kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó sunkún. Jẹ́jẹ́ jókòó tì í. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sẹ́ni tó tan iná.

Ní ọjọ́ kẹta, yàrá dókítà gbóná, fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ẹnì kan ń gbá ìta. Dókítà ò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti rí i.

"Fítámì kan ló tán lára yín. B méjìlá là ń pè é. Òun ló ń tọ́jú àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bó bá tán, ẹsẹ̀ á máa pè, ọpọlọ ò ní gbọ́. Kò sí nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú ẹ̀wà, bó ti wù kí ẹ jẹ ẹ́ tó. Inú ohun tó bá wá láti ara ẹran ló wà: ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà."

"Ṣùgbọ́n ara mi le fún ọdún mẹ́ta!" ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ sílẹ̀."

"Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, mo rí i. Ọkàn yín dára ju ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín lọ, ẹ má bínú sí oúnjẹ yín. Ẹ̀dọ̀ yín ló ń tọ́jú fítámì yìí pamọ́, bí ẹni kó ọkà sí àká. Ẹ ń bù nínú àká, ẹ ò kó sí i. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, àká ṣófo."

Ìyàwó rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú lórí àga. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Ṣé ẹsẹ̀ yìí máa kú ni?"

"Kò ní kú, mà. Abẹ́rẹ́ ni a máa gún un, láti òní lọ. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó máa rí ìyàtọ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á padà pátápátá, torí ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò ní lọ síwájú mọ́. Ó ti dúró."

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ké "Hẹ̀n-ẹ́n!" Ohùn yàrá ìfọṣọ ti padà dé. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níta dúró, ó yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ má bínú, ẹ máa gbálẹ̀ yín lọ," ló wí fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ọkọ mi ni kò ní kú!"

Jẹ́jẹ́ ò tíì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. "Ṣé ẹ ń sọ pé kí n padà sídìí ẹran ni?"

"Bó bá wù yín. Bí kò bá wù yín, lẹ́yìn abẹ́rẹ́, hóró oògùn kan lójúmọ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀ títí ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó máa yà yín lẹ́nu. Màlúù gan-an kọ́ ló ń ṣe fítámì yìí. Àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí ló ń ṣe é nínú ikùn rẹ̀. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ náà la fi ń ṣe èyí tó wà nínú hóró yìí. Ẹnì kan ló yẹ kó ti sọ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ni."

"N kò bi ẹnì kankan," ni Jẹ́jẹ́ wí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí: èèrà, ògiri, pákó, ibùsùn. "Bàbá mi ń jẹ ẹran o. Ó ń jẹ ẹja. Àrùn ìdílé ni wọ́n ní ó jẹ́. Ṣé kì í ṣe pé méjèèjì ló ń ṣe mí?"

"Ṣé bàbá yín ṣàìsàn mìíràn kó tó di ìgbà yẹn?"

"Rárá. Àfi ọgbẹ́ inú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó wà ní bí ọdún márùnlélógójì. Wọ́n gé ìdajì ikùn rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ìyẹn jinná dáadáa."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, òwú náà sì fì.

"Bàbá," ló wí, "ikùn ló máa ń ran fítámì yìí lọ́wọ́ kó tó lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gé ikùn rẹ̀ lè máa jẹ ẹran lójoojúmọ́ kó má rí i lò. Mi ò rí bàbá yín, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí jọ ọ́. Ó jọ ọ́ gan-an. Bó bá jẹ́ òun ni, kì í ṣe àrùn ìdílé. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ yín, kò sí nínú ti àwọn ọmọ yín."

"Ṣé abẹ́rẹ́ yìí ti wà nígbà ayé rẹ̀?"

Dókítà wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Ó ti wà, sà."

Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ bojú. Ọkùnrin tó fi ogún ọdún kó ẹran, tí kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, sunkún nínú yàrá gbígbóná yẹn bí ọmọdé. Ó ń ro pákó ara ògiri. Ó ń ro bí ọkùnrin náà ṣe dùbúlẹ̀ lọ́dún tó gbẹ̀yìn, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú sí òun pé òun gbé nǹkan burúkú wọlé fún wọn. Kò gbé nǹkan kan wọlé. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ lé e léjìká. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Ẹ gún mi," ló wí.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́gbà ilé ìwòsàn ló ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin náà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsọ̀rọ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, n kì í sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn láàárọ̀ kí n má já ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi léèékánná ná, kí n mọ̀ bóyá mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára? Ọdún mọ́kàndínlógún! Mo ti já ẹsẹ̀ náà léèékánná débi pé ó yẹ kó sá kúrò lára mi."

"Ẹ wá lọ ṣàyẹ̀wò, kọ́kàn yín lè balẹ̀."

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ yìí! Tó ò jẹ ẹran, tó ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè! Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, màá nà ọ́, àgbà kì í dàgbà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, Jẹ́jẹ́ ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́.

Ó ṣàyẹ̀wò náà lọ́sẹ̀ kejì. Kò sí ohun tó ṣe é.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, àmọ́ kò kánjú. Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ahọ́n rẹ̀ jinná, ata padà di ata. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó tẹ omi tútù mọ́lẹ̀ nílé ìdáná, ó sì fò sókè, ó pariwo pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo bí ilẹ̀ ṣe tutù. Obìnrin náà wá, ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́. "Ó tutù lóòótọ́," ló wí, wọ́n sì dúró síbẹ̀ nínú omi bí ẹni tó lọ sódò.

Nígbà tó wà nílé tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìmọ́tótó nípa ọgbà màlúù tó wà lókè odò, ó kọ ọjọ́ tó rí ẹja òkú, ó kọ ohun tí obìnrin onígarawa sọ. Awakọ̀ mẹ́rin tó ṣì ń kó màlúù fi ọwọ́ sí i, àwọn kan náà tó ń já ewé fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò ní fi ẹran sílẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n òun náà máa ń bọ́jú. Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n wò ó, wọ́n sì pàṣẹ kí ẹni tó ni ọgbà náà gbẹ́ kòtò fún ìgbẹ́, kó má fi omi ṣe ààtàn mọ́. Odò náà ò tíì mọ́ bíi ti àtijọ́, igbó ò sì padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ mú ìròyìn wá pé àwọn ọmọ ò họ ara mọ́, ẹja kéékèèké sì ti ń yọ lẹ́bàá òkúta.

Lóṣù karùn-ún, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó tì í nínú ọkọ̀, wọ́n wa ìlú yíká láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán. Wọ́n padà dé ibùdó. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà. Má pẹ́." Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì tó kéré jù kò tíì jí, dókítà sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó má jí mọ́. Jẹ́jẹ́ ní òun dárí jì í.

Kò padà sídìí ẹran. Hóró oògùn rẹ̀ wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń kà á fún un láràárọ̀ bíi pé ọmọ ilé ìwé ni. Òun ní tirẹ̀ ṣì ń jẹ ẹja rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ìkòkò kan ṣoṣo ló ń wà lórí iná, ẹ̀wà lásán. Bí ọkọ rẹ̀ bá bi í, á ní ẹja ọ̀sẹ̀ yìí ò wu òun ni.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ wá kí wọn nígbà tó yá, ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Kò nà án bó ṣe ṣèlérí. Nígbà tó ń lọ, Jẹ́jẹ́ sìn ín dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Ojú ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sílẹ̀, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò di ara wọn mú. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ bàbá wọn, kì í ṣe ti orí ibùsùn, ti ìgbà tó ń gun òkè àjà ilé pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, tí ìyá wọn á máa pè é sọ̀kalẹ̀ wá jẹun, tí á sì máa fi ìṣó lẹ́nu dáhùn ohun tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́. Ó sín bàbá náà jẹ, pẹ̀lú ètè tó pa pọ̀ àti ọwọ́ tó ń jù fìrìfìrì. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi dúró láti mí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni wọn ò ti lè sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láìwo ilẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé, ó dúró, ó sì lọ. Àwọn méjèèjì ò rí i, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ.